Báwo ni ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ òkun ṣe ń fi bátìrì ṣọ́ sùnámì?

Ìbéèrè: Àwọn ẹ̀rọ DART tí NOAA, àjọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, fi ń ṣọ́ sùnámì (ìgbì òkun ńlá tí ilẹ̀ mímì sábà máa ń fà) lè wà nísàlẹ̀ òkun tó jìn tó 6,000 mítà, láìsí wáyà tó so wọ́n mọ́ ojú omi. Báwo ni wọ́n ṣe ń ránṣẹ́, kí ló sì dé tí bátìrì wọn kì í tètè tán?

Ìdáhùn: Ìró ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Omi iyọ̀ máa ń gbé ìgbì rédíò mì, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í lọ jìnnà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìró ń rin nǹkan bí 1,500 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìròyìn tó bá ti ìsàlẹ̀ 6,000 mítà gbéra yóò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó léfòó lójú omi láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, èyí yóò sì gbé e lọ fún sátẹ́láìtì.

Ìró tí wọ́n ń rán yìí gan-an ló ń jẹ bátìrì, nítorí agbára tó ń gbà pọ̀ ju ti wíwọn omi tàbí títẹ́tí sílẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Ní tèmi, ibí yìí ni làákàyè àwọn tó ṣe é ti hàn jù lọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 15, ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ń wọn bí omi ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó, ó sì ń fi í wé iye tó ti retí láti inú ohun tó wọ̀n ní nǹkan bí wákàtí mẹ́ta tó kọjá. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju ti omi tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kò ní ké. Wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ni DART II, ìyẹn ìran kejì ẹ̀rọ yìí, ń jábọ̀ ní àkókò ìdákẹ́rọ́rọ́.

Ìbéèrè: Bí ìròyìn bá wá sọnù lọ́jọ́ tí ewu dé ńkọ́?

Ìdáhùn: Lọ́jọ́ náà, kò ní ṣọ́ bátìrì ná mọ́. Yóò kọ́kọ́ rán àwọn iye tó wọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 15, lẹ́yìn náà ti ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá yá, yóò máa rán iye 120 ìṣẹ́jú ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé iye kọ̀ọ̀kan ń lọ lẹ́ẹ̀mejì, tí ọ̀kan bá sọnù, èkejì yóò dé. Ẹ̀rọ ojú omi náà sì ní ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ méjì tí kò gbára lé ara wọn.

Kò sí DART kankan ní Òkun Íńdíà nígbà tí sùnámì ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004 pa àwọn èèyàn tó lé ní 200,000. Pẹ̀lú DART II, àwọn tó wà lórí ilẹ̀ náà lè ránṣẹ́ sísàlẹ̀, kí wọ́n sì pàṣẹ fún ẹ̀rọ láti bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ̀ ní kíákíá bí ilẹ̀ bá mì, kódà bí òun fúnra rẹ̀ kò bá tíì rí ìgbì kankan.