Ẹ̀rọ tó ń fọṣọ tó sì ń mú un gbẹ: kí ni 8/5 tí wọ́n kọ sára rẹ̀?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń darí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó yúnìtì iná kan fún àwọn tó wà ní Band A láti ₦68 lọ sí ₦225. Nígbà tó máa fi di oṣù keje, ó ti bọ́ sí ₦209 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá wà ní Band A máa rí iná wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán. Iná wákàtí 20 yìí ló mú kí àwọn ará wa ní Kubwa, Lugbe àti Gwarinpa ní Abuja bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀rọ yìí lójú. Owó iná ọ̀hún ló sì ń mú wọn béèrè ọ̀rọ̀.

Ṣé ẹ̀rọ méjì ló wà nínú ọ̀kan ni?
Rárá. Àgbá kan náà ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń fún un, òun náà ni wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí.

Wọ́n kọ 8/5 kg sí i. Ṣé ẹ̀dínwó ni?
Rárá o! 8 ni kílò aṣọ tó lè fọ̀ lẹ́ẹ̀kan. 5 ni èyí tó lè mú gbẹ lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ tó ń gbẹ ń fẹ́ àyè tí atẹ́gùn máa gbà kọjá láàárín rẹ̀. Bí ẹ bá di kílò 8 sínú rẹ̀ tí ẹ ní kó fọ̀ ọ́ kó sì mú un gbẹ, lẹ́yìn wákàtí bíi márùn-ún, aṣọ tó gbóná bí mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná lẹ máa bá níbẹ̀: ó ṣì tutù lábẹ́ abíyá, ó sì ti rún débi tí áyọ́ọ̀nù máa fi bẹ̀bẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kó lára rẹ̀ jáde kí gbígbẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, nọ́ńbà kékeré ni kí ẹ fi owó yín rà. Ilé tí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì wà, bẹ́dishíìtì, táwẹ́ẹ̀lì àti yunifọ́ọ̀mù ọjọ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún 5. Bí òǹtajà bá ń pariwo 8, ẹ bi í léèrè èkejì.

Èló ló máa jẹ nínú káàdì iná?
Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ yúnìtì 4 fún fífọ̀ pẹ̀lú gbígbẹ, ìyẹn ti ₦836 ní iye ₦209. Fífọ̀ nìkan pẹ̀lú omi tútù kì í sábà tó yúnìtì kan. Èyí tí wọ́n kọ heat pump sí (ìyẹn ni pé ó ń tún ooru kan náà lò) kì í jẹ iná tó bẹ́ẹ̀ tó bá ń mú aṣọ gbẹ, àmọ́ iye tí wọ́n ń tà á máa ń ga.

Wọ́n kọ "inverter" sí i. Ṣé ó lè fi bátìrì ṣiṣẹ́ bí kò bá síná?
Rárá o. Irú mọ́tò inú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré kan darí eré rẹ̀, tí kì í pariwo. Kò kan ínfátà tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ yín. Ẹ tún ka sítíkà "ọdún 10" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ dáadáa: mọ́tò nìkan ni wọ́n sábà ń ṣèlérí fún, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ.

Kí ló dé tí omi ṣì ń ṣàn nígbà tó ń mú aṣọ gbẹ?
Púpọ̀ nínú wọn ń fi omi tútù sọ oru omi tó ń jáde lára aṣọ di omi, wọ́n á sì dà á nù. Nínú oṣù kẹta ní Abuja, omi táńkì dúdú tó wà lórí ilé kì í tutù mọ́, gbígbẹ á wá falẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ méruwà lẹ ti ń ra omi, ẹ ń ra omi dà sí gọ́tà nìyẹn.

Ṣé a tiẹ̀ nílò rẹ̀ níbí?
Nígbà ọyẹ́, aṣọ tí ẹ sá síta ti gbẹ kí ẹ tó jẹun tán. Àmọ́ eruku láti ọ̀nà Bodélé ní Chad á bà lé e, aṣọ funfun á pọ́n. Nígbà òjò, aṣọ á máa rùn nínú ilé. Ní tèmi, ẹ yan èyí tó mọ aṣọ fọ̀ dáadáa. Kí gbígbẹ rẹ̀ wà fún òjò àti eruku.

Aṣọ òkè ńkọ́?
Ẹ má dán an wò.

Tokunbọ̀ ńkọ́?
Ti Amẹ́ríkà sábà ń lo fólítì 120, tiwa jẹ́ 230. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ṣé ó lè gbiná?
Ó lè ṣẹlẹ̀. Fọ́nrán owú wẹ́wẹ́ tó bá kó jọ máa ń jó, ẹ máa nu fílítà àti etí ilẹ̀kùn. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni aṣọ ìnuwọ́ kíṣìnì tí epo pupa ti rin. Kódà lẹ́yìn fífọ̀, epo tó kù lára rẹ̀ lè máa gbóná fúnra rẹ̀ títí á fi gbiná. Ẹ sá irú ẹ̀ síta. Atẹ́gùn tútù ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́ kẹ́yìn kí ooru ara aṣọ lè rọlẹ̀. Bí wọ́n bá múná lọ láàárín, ẹ kó aṣọ jáde ní kété tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, kí ẹ sì tẹ́ ẹ.

Kí ló ń tètè bà á jẹ́?
Iná tó ń lọ sókè sódò. Ẹ wá sitẹbiláísà tó lágbára tó o. Èkejì ni bóòtù gígùn tí wọ́n fi so àgbá mọ́lẹ̀ kó má baà mì lójú ọ̀nà. Ẹ gbọ́dọ̀ tú u kí ẹ tó lò ó. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan tiwa, a gbàgbé. Ṣe ló jó láti ẹ̀gbẹ́ síńkì dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ má sọ bóòtù náà nù o. Ọjọ́ tí lándílọ́ọ̀dù bá fowó kún ilé tí ẹ sì ń kó lọ, òun lẹ máa wá kiri.