Ta ló ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé?

Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Kubwa, Lugbe àti Nyanya l'Abuja, ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ látinú ilé: "Ẹ̀yìnkùlé mi ló ti wá, èrè ni gbogbo ẹ̀." Ẹni tó ń hun fìlà ọmọ-ọwọ́ á ní òwú nìkan lòun rà, ìyókù ti di tòun. Irọ́ gbáà ni. Òun ló ń jẹ́ kí ọjà tà tán kí àpò sì ṣófo, kí èèyàn wá gbà pé òun ò mọ ọjà í tà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tẹ̀tẹ̀. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, òjò kì í sábà rọ̀ l'Abuja. Bẹ́ẹ̀dì kan tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì gùn ní mítà 4, á mu omi bíi lítà 20 lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni tẹ̀tẹ̀ fi ń tó gé. Lítà 560 nìyẹn, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ti mairuwa (ẹni tó ń ta omi kiri) bíi 22, lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo! Ẹ sọ iye tí mairuwa àdúgbò yín ń ta kẹ́ẹ̀gì kan di ìlọ́po 22 kí ẹ tó pe oníbàárà. Ẹni tó sì ní bohóólù ń sanwó náà, iná tàbí epo jẹnẹrétọ̀ ló ń fa omi yẹn jáde.

Ẹ ó ní ẹ ó dúró de òjò. Ó dáa, àmọ́ nígbà òjò, gbogbo ilé ló ní ẹ̀fọ́. Lọ́gbẹlẹ̀ tó sì wọ́n, àwọn onífàdámà, ìyẹn àgbẹ̀ ilẹ̀ àkùrọ̀, tó ń fi ẹ̀rọ fa omi odò sí bẹ́ẹ̀dì rẹpẹtẹ ló ń dá iye rẹ̀ lọ́jà. Owó tí wọ́n ń ná lórí bẹ́ẹ̀dì kan kò tó nǹkan. Kí la fẹ́ bá wọn du tẹ̀tẹ̀ sí?

Ohun tó gba ìmọ̀ ju omi lọ ni kí a máa tà. Ọmọ ata àti ọmọ tòmátì tó ti tó lọ́, nínú nylon kéékèèké, kì í mu omi púpọ̀, àyè rẹ̀ kò sì ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ. Ewédú náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbìn ín tí kò hù, wọ́n ní ilẹ̀ òkè ọya kò gbà á. Ilẹ̀ kọ́ o, èèpo kóró rẹ̀ ló le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ tì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ẹ kà á dé mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́, ẹ sá a síbi ibòji kó gbẹ, kí ẹ wá fọ́n ọn. (Ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀ sínú omi ti se ewédú nìyẹn, kò gbìn ín.)

Ti iṣẹ́ ọwọ́ tún burú jù, torí wákàtí ò ní rìsíìtì. Ẹ wo ẹ̀yìn owó ₦20: Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi tó ń mọ ìkòkò, ni. Kwali tí wọ́n bí i sí wà nínú agbègbè Abuja títí dòní. Àwọn obìnrin Gbagyi ti ń mọ ìkòkò nílé tipẹ́, amọ̀ ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ní 1954 ni Ladi dara pọ̀ mọ́ ibùdó ìkòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Britain, dá sílẹ̀ ní Suleja, tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì dé London. Àbí ẹ rò pé amọ̀ lẹni tó rà á ń sanwó fún?

Torí náà, ẹ kọ wákàtí tí fìlà kan gbà sílẹ̀. Ká ní ẹ fẹ́ gba ọmọbìnrin kan síṣẹ́ kó máa bá yín hun ún, èló lẹ máa san fún un fún àwọn wákàtí yẹn? Ẹ fi owó yẹn kún ti òwú. Àwọn ará ilé àti ará ìjọ á ní ó ti wọ́n jù, àwọn gan-an ló máa ń sọ ọ́ jù. Ẹ fún wọn lẹ́dìn-ín bó bá wù yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ iye tí ẹ dín kù fún wọn.

Tí ìṣírò bá sì fi hàn pé tẹ̀tẹ̀ kò lè san owó mairuwa, ẹ máa gbìn ín fún ìkòkò ọbẹ̀ tiyín. Owó ẹ̀fọ́ tí ẹ ò ná lọ́jà Wuse náà, owó ni.