Àsìkò tí aago kò lè kà: bí èrò Henri Bergson ṣe ń ṣiṣẹ́

Bí ènìyàn bá da ṣúgà sínú ife omi, bó ti wù kó máa kánjú tó, àfi kó dúró kó yòrò. Inú ìwé L'Évolution créatrice, tí Henri Bergson, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde lọ́dún 1907, ni àpẹẹrẹ yìí ti wá. Onímọ̀ ìṣirò lè kọ iye ìṣẹ́jú tí ṣúgà fi yòrò sílẹ̀, kó sì parí síbẹ̀. Bí gbogbo ohun tó ń rìn láyé, títí kan aago fúnra rẹ̀, bá ṣàdédé yára ní ìlọ́po méjì, iye náà kò ní yí padà. Ẹni tó ń dúró nìkan ni yóò fura. Ohun tó fura sí yẹn ni Bergson ń pè ní durée: àsìkò bí a ṣe ń gbé inú rẹ̀.

Aago a máa to ìṣẹ́jú bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn, ọ̀kan kì í wọnú èkejì. Ti durée kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kọjá ń wọnú èyí tó ń bọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1889, ó sọ bí agogo kan ṣe ń dún nítòsí nígbà tó ń kọ̀wé lọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kò sì kà á. Nígbà tó wẹ̀yìn wò, ó dán ẹ̀ẹ̀kan wò, kò bá a mu. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kò bá a mu. Ó dé orí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó ṣe wẹ́kú. Kì í ṣe kíkà ló fi mọ̀ ọ́n. Ìró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti papọ̀ di odindi kan létí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyípadà ti ṣẹ̀. Làákàyè, ó ní, a máa gé ohun tó ń yí padà sí wẹ́wẹ́ kó lè rí i dì mú. Zeno ará Gíríìkì ìgbàanì fi irú gígé bẹ́ẹ̀ sọ pé Achilles, asáré-bí-ẹfúùfù, kò lè bá ìjàpá láéláé (kì í ṣe ti inú àlọ́ o): kó tó dé ibi tí ìjàpá wà, ìjàpá a ti sún síwájú díẹ̀. Ìdáhùn Bergson kò gùn. Ojú ọ̀nà ló ṣeé gé, ìṣísẹ̀ kò ṣeé gé. Achilles ń gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lódidi, ìjàpá náà ń gbé tirẹ̀, ó sì tán.

Paris ni wọ́n bí Bergson sí, lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1859. Júù ni àwọn òbí rẹ̀: bàbá jẹ́ olórin láti Poland, ìyá jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó ń kọ́ni ní Collège de France, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Paris, yàrá kì í gba àwọn tó ń wá gbọ́ ọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ti lítíréṣọ̀ fún ọdún 1927. Nínú ìwé ìhágún tó kọ lọ́dún 1937, ó ní ọkàn òun ti fà sí ìjọ Kátólíìkì, ṣùgbọ́n òun yóò dúró ti àwọn tí wọn yóò ṣe inúnibíni sí lọ́la. Ó kú lóṣù Kìíní ọdún 1941, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wà ní Paris.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1922 lòun àti Albert Einstein, onímọ̀ físíìsì tó fi ìṣirò tuntun ṣàlàyé àsìkò, kojú ara wọn. Einstein ní kò sí àsìkò kankan tó jẹ́ ti àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí. Ìwé tí Bergson kọ lórí ọ̀rọ̀ náà ṣi ìṣirò Einstein lóye, ó sì ba orúkọ Bergson jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì. Ó tọ́ sí i. Àmọ́ kò sí ìṣirò tó dáhùn ìdí tí dídúró fi ń gùn lára ẹni tó ń dúró.

Ní Áfíríkà, Léopold Sédar Senghor, akéwì àti ààrẹ àkọ́kọ́ ní Senegal, ló di èrò yìí mú jù. Ó rí i níbẹ̀ pé gígé nǹkan sí wẹ́wẹ́ kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń mọ nǹkan. Ìmọ̀ inú náà wà. Ó wá pín in: ìmọ̀lára fún adúláwọ̀, làákàyè fún Gíríìkì. Èyí wà lára èrò tí wọ́n ń pè ní Négritude, tó ń gbé ìwà àti àṣà adúláwọ̀ ga. Wole Soyinka wà lára àwọn tó ta kò ó. Bergson alára kò pín ọ̀nà méjèèjì fún ẹ̀yà kankan. Inú orí ẹnì kan náà ló bá wọn.