Òwú wo ló bá àbẹ́là ìda ọ̀pẹ mu?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe àbẹ́là nílé, àwọ̀ àti òórùn dídùn ni wọ́n ń náwó lé, tó bá wá kan òwú, èyíkéyìí tọ́wọ́ wọn bá ti bà ni wọ́n máa ń kì bọ̀ ọ́, tí àbẹ́là ò bá jó dáadáa wọ́n á ní ìda ni ò dáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, òwú ni o.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti àtùpà elépo. Iná ń yọ́ ìda tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, òwú ń fa èyí tó yọ́ gòkè, ooru á sọ ọ́ di oru, oru yẹn gan-an ló ń jó, òwú fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jó. Tí òwú bá wá tín-ín-rín jù, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa rí fà, iná á kéré, ìda etí ife tí àbẹ́là wà nínú ẹ̀ ò ní yọ́, ihò á kàn máa lu lọ sísàlẹ̀ láàárín títí omi ìda á fi bo òwú mọ́lẹ̀, ó parí. Tó bá nípọn jù náà, á fa ju ohun tí iná lè jó tán, lẹ́ẹ̀fín dúdú bá dé, ẹnu ife á dúdú, orí òwú á sì wú bí olú.

Ìda ọ̀pẹ wá lágídí tiẹ̀. Apá tó máa ń dì lára epo ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń ṣe é, ó le, ó máa ń tó nǹkan bí 60 dígírì kó tó yọ́, nígbà tí ìda sóyà inú ife ti máa ń yọ́ ní nǹkan bí 50. Ìdí nìyẹn tí òwú tó jó geere nínú sóyà fi lè máa kú ṣáá níbí.

Òwú tí wọ́n hun ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀. Ará Faransé kan, Cambacérès, ló gbé òwú híhun jáde lọ́dún 1825. Orí ẹ̀ máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iná, á sì jó dànù fúnra ẹ̀, ṣáájú ìgbà yẹn ńṣe lèèyàn ń jókòó ti àbẹ́là pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì láti máa gé orí òwú. (Epo ọ̀pẹ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ Price's ní Lọ́ńdọ̀nù fi ń ṣe àbẹ́là ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.) Òwú tó ní òjé nínú, ẹ má tiẹ̀ wò ó, Amẹ́ríkà ti fòfin dè é láti 2003.

Fífẹ̀ inú ife lẹ máa wọ̀n, gíga ẹ̀ ò kan òwú. Tó bá fẹ̀ kọjá íǹṣì mẹ́rin, òwú méjì ló dáa. Nọ́ńbà ara òwú máa ń da èèyàn láàmú: nínú square braid, ìyẹn òwú híhun onígun mẹ́rin, 6/0 ló kéré jù, 1/0 jù ú lọ, #1 tún ju ìyẹn lọ, nọ́ńbà CD, irú òwú híhun mìíràn, ò sì bá ti square braid mu rárá. Ẹ mú èyí tí ọlọ́jà júwe, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan tó kéré jù ú àti ọ̀kan tó tóbi jù ú tì í, kẹ́ ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe àbẹ́là ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wò, ìda kan náà, lọ́fínńdà kan náà. Ẹ gé òwú ku mìlímítà mẹ́fà, kẹ́ ẹ tàn án, ife íǹṣì mẹ́ta lè gbà tó wákàtí mẹ́ta kí ìda tó yọ́ dé etí, kó sì jìn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ jẹ́ kó jó délẹ̀ kẹ́ ẹ tó yan ọ̀kan, torí tó bá ti ń lọ sísàlẹ̀ ni ife máa ń gbóná sí i. Kíréyọ̀nù táwọn kan fi ń pa ìda láró, ẹ fi sílẹ̀, ó máa ń dí òwú.

Nǹkan kan ṣì wà tí wọ́n máa ń dá òwú lẹ́bi fún tí ò mọwọ́mẹsẹ̀. Kí ìda ọ̀pẹ tó lè yọ iṣẹ́ ọnà tó máa ń hàn lára ẹ̀ yẹn, ó gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa kí wọ́n tó dà á, bíi 95 dígírì, kó sì tutù díẹ̀díẹ̀, ibi tó ti ń tutù ló ti máa ń dá ihò sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú, téèyàn ò ní rí i lókè. Lọ́jọ́ tíná bá dé ibẹ̀, omi ìda á kàn dédé wọlé lọ, òwú á gùn síta, iná á ga lójijì. Tójú ẹ̀ bá ti ń dì, ẹ fi igi súyà gún ẹ̀gbẹ́ òwú káàkiri, kẹ́ ẹ da ìda gbígbóná dí i, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ òwú.