Ohun Tó Ń Pa Bátìrì Ọkọ̀, àti Bí A Ṣe Ń Yan Òmíràn

Bí ọkọ̀ tó sítáàtì lánàá bá kọ̀ láti jí láàárọ̀, bátìrì ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, tí wọ́n á sì ti ra tuntun kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà míì, kò ní pé oṣù mẹ́ta tí tuntun náà á tún fi kú. Ohun tó pa ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò wá a. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: kí ló pa á, àti èwo ló yẹ kó rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fo ti àkọ́kọ́ á dáhùn èkejì lẹ́ẹ̀mejì, owó rẹ̀ á sì jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó wà nínú àpótí náà

Séèlì mẹ́fà ló wà nínú bátìrì fólìtì 12. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fólìtì 2.1 wá, wọ́n sì so wọ́n tẹ̀léra wọn, ìdí nìyẹn tí bátìrì tó kún dáadáa fi ń jẹ́ 12.6, tí kì í ṣe 12 géérégé. Nínú séèlì kọ̀ọ̀kan, pílétì òjé pélébé ni wọ́n tò, pọ́sítíìfù kan, négétíìfù kan, pẹ̀lú ohun tí omi lè gbà kọjá láàrin wọn kí wọ́n má baà fara kanra. Òjé tó ti gba ọ́síjìn ló wà lára pọ́sítíìfù. Òjé lásán tó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi fóòmù ló wà lára négétíìfù. Ásíìdì tí wọ́n fi omi là ló bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní 1859, ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò sì tíì yí padà títí di òní.

Nígbà tí bátìrì bá ń fún ọkọ̀ níná, ásíìdì ń wọ ara pílétì méjèèjì, ó ń sọ ojú wọn di èròjà funfun kan tí wọ́n ń pè ní súlúféètì òjé, omi inú séèlì sì ń dà bí omi lásán. Bí àlítánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, bá ti ń dá iná padà, èròjà funfun yẹn á tú, ásíìdì á padà sínú omi. Ibí gan-an ni ẹ̀mí bátìrì wà. Funfun yìí máa ń rọ̀ nígbà tó bá ṣì tuntun, ó sì rọrùn láti tú. Bí a bá fi bátìrì sílẹ̀ láìkún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á le, á di èépá, iná kò sì ní lè tú u mọ́. Ibi tí èépá bá bò lára pílétì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn.

Bó ṣe ń kú

Èépá ló ń pa èyí tó pọ̀ jù, bátìrì tí kì í kún rí ló sì máa ń ní in. Láti fólìtì 12.4 lọ sísàlẹ̀ ló ti ń rí ibi dúró sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sítáàtì ló ń jẹ bátìrì jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí sítátà bá fa ámpù 200 fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, gbogbo ohun tó gbà jẹ́ nǹkan bíi 0.11 Ah (ámpù-wákàtí, ìwọ̀n iná tí bátìrì ń kó pamọ́) nínú bátìrì tó lè ní 60 Ah. Ohun tó ń jẹ ẹ́ ni ìrìn kúkúrú tó tẹ̀lé e. Ẹ́ńjìnnì ń rọra yí nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, éásì ń ṣiṣẹ́, iná iwájú wà ní títàn, ohun tí àlítánétọ̀ ń mú wá ò sì ju ohun tí wọ́n ń jẹ lọ. Lójoojúmọ́, gbèsè kékeré ń ṣẹ́ kù sọ́rùn bátìrì.

Iná tó ń jò nígbà tí ọkọ̀ wà ní pípa tún wà níbẹ̀. Gílóòbù kékeré inú búùtù tó jẹ́ wáàtì 5 ń fa nǹkan bíi 0.4 ámpù. Ní wákàtí 24, ó ti kó nǹkan bíi 10 Ah lọ, ọjọ́ mẹ́ta péré sì tó láti kó ìdajì bátìrì 60 Ah.

Ooru kì í pa á lójijì, ṣùgbọ́n ó ń gé ọjọ́ orí rẹ̀ kúrú gan-an. Bí ìgbóná bá fi nǹkan bíi 10°C lọ sókè, ohun tó ń jẹ àwọ̀n òjé tó gbé pílétì pọ́sítíìfù dúró á yára tó ìlọ́po méjì. Omi á máa gbẹ, orí pílétì á yọjú síta, ibi tó bá sì ti yọ síta kò ní í ṣiṣẹ́ bíi tàtijọ́ mọ́. Òtútù ní tirẹ̀ ń dín agbára tí bátìrì lè tú jáde kù, ó sì ń mú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki. Ìdí nìyí tí bátìrì tí ooru ti jẹ nínú fi máa ń kọ iṣẹ́ ní àárọ̀ tó tutù.

Gbígbọ̀n ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ náà. Bátìrì tí wọn ò dè mọ́lẹ̀ dáadáa ń jó nínú àga rẹ̀, òjé ń já wẹ́wẹ́ kúrò lára pílétì, ó ń kó jọ sísàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí erùpẹ̀ òjé yẹn bá ga dé ibi tí pílétì méjì wà, ó so wọ́n pọ̀, séèlì náà kú. Bátìrì bẹ́ẹ̀ á gba ṣáàjì títí ilẹ̀ á fi mọ́, síbẹ̀ á dúró ní nǹkan bíi 10.5. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́, àfi ká pààrọ̀ rẹ̀.

Àyẹ̀wò kí a tó rà

Bí igi bá wó lu igi, ti òkè là ń kọ́kọ́ gbé. Orí wáyà ni kí a kọ́kọ́ fọwọ́ kàn kí a tó wá mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Bó bá ṣeé fi ọwọ́ lásán yí, tàbí tí ohun funfun tàbí àwọ̀ ewé bá hù sí i, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà wà. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí táámínà fúnra rẹ̀, ìyẹn òpó òjé tó yọrí lókè bátìrì, kí ẹnu mítà kejì wà lára orí wáyà tó dè é, kí ẹlòmíì yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá fi ju nǹkan bíi 0.2 fólìtì hàn, iná ń sọnù ní ojú ìsopọ̀ yẹn. Ẹ yẹ wáyà tó lọ bá ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì wò lọ́nà kan náà, nítorí wọ́n sábà máa ń gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ti fólìtì. Kí ọkọ̀ ti wà ní pípa fún wákàtí mélòó kan, nítorí bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣáàjì ń fi ẹ̀tàn hàn. Bí mítà bá sọ 12.6 tàbí 12.7, ó kún. 12.4 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 jẹ́ ìdajì, 12.0 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, láti 11.8 lọ sísàlẹ̀ ó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n fólìtì nìkan ò tó jẹ́rìí. Bátìrì tí èépá ti bo ìdajì pílétì rẹ̀ lè sọ 12.6, kó sì wó lulẹ̀ gẹ́lẹ́ tí sítátà bá kàn án. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ṣájà kún un, kí ẹ wá wo mítà nígbà tí sítátà ń yí. Bó bá lọ sísàlẹ̀ 9.6 nígbà tí ojú ọjọ́ móoru, bátìrì náà ti rẹ̀.

Ohùn sítátà pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. "Ta-ta-ta-ta" tó yára, pẹ̀lú iná dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń ṣẹ́jú, sábà máa ń jẹ́ bátìrì tàbí orí wáyà. Bó bá dún "kó!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iná iwájú ò sì ṣú rárá, ẹ lọ wo sítátà fúnra rẹ̀.

Bátìrì tó ṣeé ṣí máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó bá wo inú rẹ̀. Bí omi bá gbẹ bákan náà ní séèlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ṣáàjì ti pọ̀ jù tàbí ooru ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ séèlì kan ṣoṣo ló gbẹ, séèlì yẹn ló ní àrùn, tàbí kí àpótí ti sán. Omi dísítílì nìkan là ń fi kún un. A kì í fi ásíìdì kún un, nítorí omi ló gbẹ, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àpótí tó wú, tàbí òórùn ẹyin tó bàjẹ́, fi hàn pé iná ń pọ̀ jù fún un.

Ẹ sítáàtì ọkọ̀, kí ẹ wọn táámínà méjèèjì. Láàrin 13.8 sí 14.5 ló dára. Bó bá kéré sí 13.5, àlítánétọ̀ tàbí bélíìtì rẹ̀ ló yẹ kí a wò. Bó bá kọjá 15, ohun tó ń ṣàkóso iná ti bàjẹ́, á sì se bátìrì tuntun jinná. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan wà tí kọ̀ǹpútà wọn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé nọ́ńbà yìí sókè sódò, ìwé ọkọ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan wà níbí: kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán àlítánétọ̀ wò. Fólìtì máa ń fò sókè lójijì, ó sì lè sun kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tí owó rẹ̀ ju ti bátìrì lọ fíìfíì.

Bí ìfura bá wà pé iná ń jò, ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ yọ wáyà négétíìfù, kí ẹ fi mítà tó wà ní ojú ámpù 10 sáàrin wáyà náà àti táámínà. Ó lè tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tó sùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kí mítà wà ní 0.05 ámpù tàbí kó kéré sí i. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi wálẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà wà níbẹ̀, fíúsì inú mítà á jó.

Yíyan tuntun

Ìwọ̀n àpótí ló ṣáájú: gígùn, ìbú, gíga. Bó bá ga jù, bọ́nẹ́ẹ̀tì lè kan táámínà, iná á sì ṣẹ́. Bó bá kéré jù, irin tó ń dè é kò ní í mú un. Ẹ̀gbẹ́ tí pọ́sítíìfù wà ló tẹ̀ lé e. Lára bátìrì tí wọ́n kọ nọ́ńbà bíi 55B24L sí, 24 jẹ́ gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, L tàbí R tó wà lẹ́yìn sì ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí táámínà wà. Bí a bá gbé L sí ipò R, wáyà á kúrú, ẹni tó bá fà á tipátipá sì lè gbé pọ́sítíìfù sórí négétíìfù. Táámínà náà tún ní tínrín àti nípọn.

Nọ́ńbà méjì ló ń sọ agbára. Ah ń sọ iye iná tí bátìrì lè kó pamọ́. CCA ń sọ iye ámpù tó lè tú jáde nínú òtútù 18°C sísàlẹ̀ òdo. Níbi tí òtútù ti le, CCA ni kí a mójú tó. Níbi tí ooru ti le, Ah ló ṣe pàtàkì jù, níwọ̀n ìgbà tí CCA bá ti tó ohun tí olùṣe ọkọ̀ kọ. A kì í ra èyí tó kéré sí ti olùṣe ọkọ̀. Èyí tó fi díẹ̀ jù ú lọ kò léwu bó bá wọ àga rẹ̀, àlítánétọ̀ ò sì ní í bàjẹ́ nítorí rẹ̀. Bí bátìrì méjì tí ìwọ̀n àpótí wọn bá dọ́gba bá wà níwájú wa, tí ọ̀kan wúwo jù dáadáa, èyí tó wúwo ló sábà ní òjé púpọ̀ jù nínú.

Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kú fúnra rẹ̀ níbi tó bá dúró, tó sì ń jí padà, nílò AGM tàbí EFB, ìyẹn irú bátìrì tí wọ́n ṣe fún sítáàtì léraléra. AGM ni kí ó rọ́pò AGM. Bátìrì lásán kì í pẹ́ kú níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn tún ń fẹ́ kí a fi ẹ̀rọ sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé bátìrì ti yí padà. Bátìrì sólà tàbí ti ínfátà kò yẹ fún sítátà: pílétì rẹ̀ nípọn, kò sì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni pílétì tínrín tó pọ̀ ni sítátà ń fẹ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bátìrì ń dàgbà lórí àtẹ náà. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ láìgba ṣáàjì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wọn ọ́n níwájú ẹni tó ń tà á. Èyí tó bá kéré sí 12.5 ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu èépá.

Fífi í sínú ọkọ̀

Négétíìfù ni a kọ́kọ́ ń yọ, òun náà là ń so kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé bí sípánà bá kan irin ọkọ̀ nígbà tí ó wà lórí pọ́sítíìfù, tí négétíìfù ṣì wà ní síso, iná ńlá á ṣẹ́, bátìrì sì máa ń mí háídírójìn tó lè bú gbàù. Nítorí náà, kò sí sìgá, kò sí iná níbẹ̀, kí ojú sì ní ìbòjú. Bí ásíìdì bá ta sí ara, omi púpọ̀ là ń fi ṣàn án lọ́gán. Ẹ fi kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, bàkíǹ sódà, pò mọ́ omi, kí ẹ fi fọ orí wáyà, kó gbẹ, kí ẹ so ó le láìfi òòlù lù ú, kí ẹ wá fi vaselínì pa á lára. Ẹ de irin ìdè náà mọ́lẹ̀.

Bátìrì àtijọ́ kò yẹ kó wà lẹ́yìnkùlé. Òjé inú rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kódà ìwọ̀n díẹ̀ rẹ̀, a kì í sì í da ásíìdì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó ta tuntun, ní òró, láìdojú rẹ̀ dé, nítorí òjé náà ṣì ń di bátìrì míì.