Ìbọn Arọ̀jò-ọta Láti Òkè Òkun: Bí Òfin Amẹ́ríkà Ṣe Ń Pinnu Ẹni Tó Lè Ní In

Ká ní ìbọn arọ̀jò-ọta méjì jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà ní Bẹ́ljíọ̀mù, lọ́dún kan náà. Irin kan náà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, irú ọta kan náà ni wọ́n ń lò, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀kan wọ Amẹ́ríkà ní 1966, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bó ṣe yẹ. Èkejì wọlé ní 1972. Lónìí, àgbẹ̀ tàbí olùkọ́ kan ní Texas lè ra èyí àkọ́kọ́, bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Èyí èkejì kò lè di tirẹ̀ láé, àfi tó bá gba ìwé àṣẹ tó sì di oníṣòwò ìbọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé ìbọn arọ̀jò-ọta tó bá ti wà ṣáájú 1986 ṣeé rà ní Amẹ́ríkà. Ìdajì òótọ́ ni, ìdajì yẹn sì ti kó àwọn kan sí wàhálà. Tó bá jẹ́ ìbọn tó ti òkè òkun wá, ọdún tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ béèrè ni 1968.

Kí a tó dé orí àwọn ọdún náà, ó yẹ ká mọ ohun tí òfin ń pè ní ìbọn arọ̀jò-ọta. Ìbọn tí ọta rẹ̀ bá ń jáde ju ẹyọ kan lọ nígbà tí wọ́n bá fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹni tó ń yìn ín tún fọwọ́ kì í, òun ni. Kò tán síbẹ̀. Irin àárín ìbọn tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní receiver, èyí tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, ìbọn arọ̀jò-ọta lòun náà lójú òfin, kódà bó bá dá wà lórí tábìlì láìní ojú láìní ìdí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yà kékeré tí wọ́n ṣe kìkì láti fi sọ ìbọn lásán di arọ̀jò-ọta. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá tú ìbọn náà palẹ̀, tí wọ́n yọ ohun tó ń jẹ́ kó máa rọ̀jò kúrò, tí wọ́n tún un tò kó lè máa yọ ọta lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ìjọba kò ní torí ìyẹn yí orúkọ rẹ̀ padà. Ní oṣù kẹfà 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé bump stock, ìdí ìbọn tó ń lo ìgbọ̀nrìrì ìbọn láti jẹ́ kí ọta yá, kò sí lára ohun tí ìtumọ̀ yìí kó mọ́ra. Ìtumọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò yí padà.

1934 ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìta tó ń ta ọtí tí òfin kà léèwọ̀ ti fi ìbọn arọ̀jò-ọta tó ń jẹ́ Thompson dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ káàkiri ìlú ńlá. Ní Chicago, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì 1929, ọkùnrin méje ni wọ́n tò sí ara ògiri tí wọ́n sì yìnbọn pa. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba àpapọ̀ kò fi òfin dè ìbọn náà pátápátá. Owó orí ni wọ́n gbé lé e. Nínú National Firearms Act tí Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn yóò san 200 dọ́là, orúkọ ẹni tó gbà á yóò sì wọ inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba. Nígbà yẹn, iye tí ìbọn Thompson fúnra rẹ̀ ń tà kò jìnnà sí 200 dọ́là. Owó náà kò tíì lé kan láti ọjọ́ náà. Òfin tí Ààrẹ Trump fọwọ́ sí ní oṣù keje 2025 sọ owó orí ohun tí ń pa ohùn ìbọn àti ti ìbọn tí ojú rẹ̀ kúrú di òfo láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, ṣùgbọ́n 200 dọ́là ti ìbọn arọ̀jò-ọta dúró síbẹ̀.

Àlébù kan wà nínú òfin 1934. Ó pàṣẹ fún ẹni tí ìbọn rẹ̀ kò sí nínú ìwé pé kó wá forúkọ sílẹ̀, ó sì tún sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ní ìbọn tí kò sí nínú ìwé. Ẹni tó bá wá forúkọ sílẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ nìyẹn. Ní oṣù kìíní 1968, nínú ẹjọ́ Haynes, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé èyí tako ẹ̀tọ́ tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún ènìyàn pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fipá mú un jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa Martin Luther King àti Robert Kennedy. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá, Ààrẹ Johnson ti fọwọ́ sí Gun Control Act, apá kejì rẹ̀ sì tún òfin 1934 kọ.

Ohun méjì nínú àtúnkọ náà ló di àyànmọ́ ìbọn tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Èkíní ni pé ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tún lè fúnra rẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ mọ́. Ẹni tó ṣe é tàbí ẹni tó kó o wọlé nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tó ṣe é tàbí nígbà tó kó o wọlé. Ìjọba ṣí ilẹ̀kùn ìdáríjì fún ọgbọ̀n ọjọ́ kan ṣoṣo, láti ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá sí ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 1968. Ọ̀pọ̀ sójà tó ti kó ìbọn àwọn ará Jámánì tàbí Japan bọ̀ láti ojú ogun gbé wọn jáde lákòókò náà, wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí wọn. Ìbọn wọ̀nyẹn bá òfin mu títí dòní, a sì lè tà wọ́n fún ẹnikẹ́ni tó yẹ. Ilẹ̀kùn náà tì lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́.

Èkejì ni ìpín 5844. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó ìbọn arọ̀jò-ọta wọ Amẹ́ríkà, àfi tó bá jẹ́ fún ìlò ìjọba, tàbí fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì, tàbí fún ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ láti fi dánra wò àti láti fi ṣe àwòkọ́ṣe, tàbí fún oníṣòwò tó forúkọ sílẹ̀ láti fi ṣe àfihàn fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀ fún ẹni tó kàn fẹ́ ẹ fún ara rẹ̀. Ìbọn 1972 tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò lè wọlé àfi gẹ́gẹ́ bí ìbọn àfihàn tàbí fún ìjọba, ipò tó sì fi wọlé náà ló ń bá a kiri títí ayé.

Nígbà tó di 1986, ilẹ̀kùn àwọn ìbọn tí wọ́n ń ṣe nílé náà tì. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin kan tí àwọn tó fẹ́ràn ìbọn fúnra wọn ń fẹ́, ṣùgbọ́n William Hughes, aṣòfin láti New Jersey, ti fi gbólóhùn kan kún un: ará ìlú kò gbọ́dọ̀ gba ìbọn arọ̀jò-ọta èyíkéyìí tí kò tíì wà lọ́wọ́ ènìyàn lọ́nà òfin ṣáájú ọjọ́ náà. Àwọn kan gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé àwọn ṣetán láti san 200 dọ́là àwọn. Nínú ẹjọ́ Farmer ní 1990, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé òfin náà dúró.

Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni pé ipò mẹ́ta ni ìbọn arọ̀jò-ọta tó ti òkè òkun wá lè wà. Èyí tó wọlé tó sì ní ìwé ṣáájú òfin 1968, tàbí tó wọ ìwé lákòókò ìdáríjì, ará ìlú lè rà á. Èyí tó wọlé láàárín ìgbà náà sí oṣù karùn-ún 1986, àwọn oníṣòwò tó ń san owó orí pàtàkì lọ́dọọdún àti ìjọba nìkan ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Oníṣòwò tó bá fẹ̀yìn tì lè tọ́jú tirẹ̀ sílé, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ tà á, oníṣòwò bíi tirẹ̀ tàbí ìjọba ni yóò tún tà á fún. Ẹ̀kẹta ni èyí tó wọlé lẹ́yìn 1986. Oníṣòwò kò lè gba ìyẹn àfi tó bá fi lẹ́tà hàn láti ọ̀dọ̀ àjọ ọlọ́pàá tàbí àjọ ìjọba tó ń fẹ́ kí ó ṣe àfihàn irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún òun, ó sì gbọ́dọ̀ kó o kúrò lọ́wọ́ kó tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò kan gbọ́n ọgbọ́n kan tó bá òfin mu láyé ìgbà náà, ó sì fi bí òfin yìí ṣe ń ronú hàn kedere. Ìpín 5844 ń sọ̀rọ̀ nípa ìbọn tó wọlé ní arọ̀jò-ọta. Kò sọ nǹkan kan nípa ìbọn tó wọlé ní ìbọn lásán. Nítorí náà wọ́n kó Uzi láti Ísírẹ́lì àti HK94 láti Jámánì wọlé, àwọn tó ń yọ ọta lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé, oníṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ní ìwé àṣẹ sọ wọ́n di arọ̀jò-ọta, ó sì forúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú oṣù karùn-ún 1986. Lójú òfin, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí ìbọn arọ̀jò-ọta náà. Nínú ti Jámánì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n kàn ṣe ẹ̀yà irin kékeré tó ń jẹ́ sear, èyí tó ń jẹ́ kí ìbọn máa rọ̀jò ọta, tí wọ́n sì fi nọ́ńbà àti orúkọ òun nìkan sínú ìwé. Irin tí ènìyàn lè fi sínú àpò yìí ni ìbọn arọ̀jò-ọta náà, olówó rẹ̀ sì lè gbé e kúrò nínú ìbọn kan sí òmíràn. Ní 2016, gbogbo ìbọn arọ̀jò-ọta tí ará ìlú lè rà nínú ìwé ìjọba kò ju nǹkan bíi 176,000 lọ. Iye náà kò lè pọ̀ sí i, tí ọ̀kan bá sì bàjẹ́ tán, ó lọ nìyẹn. Abájọ tí ẹyọ kan fi lè ju 30,000 dọ́là lọ.

Bí ìbọn ṣe ń kọjá láti ọwọ́ ẹnìkan sí ẹlòmíràn gba sùúrù púpọ̀. Ẹni tó ń tà ló ń fi Fọ́ọ̀mù 4 ránṣẹ́ sí ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, tí ẹ̀ka rẹ̀ tó ń rí sí èyí wà ní Martinsburg ní West Virginia. Ìtẹ̀ka àti fọ́tò ẹni tó ń rà á á wà pẹ̀lú rẹ̀, àti 200 dọ́là. Láti 2016, wọ́n kò béèrè kí ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè fọwọ́ sí i mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kó lè mọ̀. FBI a wá wo àkọsílẹ̀ ẹni náà. Títí èsì yóò fi dé, ibi tí ìbọn wà náà ni yóò wà, bí olùrà bá tilẹ̀ ti san owó rẹ̀ tán. Bí olùtà àti olùrà bá wà ní ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìbọn náà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ oníṣòwò kan kọjá ní ìpínlẹ̀ olùrà, ìyẹn sì lè mú kí owó orí di ẹ̀ẹ̀mejì. Oníṣòwò sí oníṣòwò ń lo Fọ́ọ̀mù 3, kò sì sí owó orí níbẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé tirẹ̀ sọdá sí ìpínlẹ̀ míràn yóò kọ́kọ́ gbàṣẹ, kódà bó bá jẹ́ pé ilé ló ń kó.

Ti ogún ló yẹ kí àwọn ẹbí fiyè sí jù. Bí bàbá bá kú tó sì fi ìbọn tó wà nínú ìwé sílẹ̀, àrólé rẹ̀ yóò fi Fọ́ọ̀mù 5 gbà á, kò ní san owó orí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ sójà ló ti ṣí àpótí lókè àjà, tí wọ́n bá ìbọn ogun Jámánì níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí ọ̀gá ológun fi gbà á láyè pé kó kó ìkógun rẹ̀ bọ̀. Ìwé ológun yẹn kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀. Tí wọn kò bá ti kọ ìbọn náà sílẹ̀ ní 1968 tàbí ṣáájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tí kò níwèé ṣì ṣeé wá ìwé fún, èyí kò ṣeé ṣe fún. Ohun tó kù ni kí wọ́n pe lọ́yà, kí wọ́n sì fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Ó dunni, nítorí ìrántí ẹni tó fẹ̀mí wewu ni, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́wàá ló wà lórí fífi í pamọ́.

Gbogbo èyí jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. California, New York, Illinois àti Hawaii kò gbà fún ará ìlú lásán láti ní irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ohun yòówù kí ATF sọ. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀: ẹni tó wà ní Houston tàbí Maryland pẹ̀lú físà ọmọ iléèwé, ti àlejò tàbí ti iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn èyíkéyìí, àfi lábẹ́ àwọn àyè díẹ̀ bíi láísẹ́ǹsì ọdẹ. Ẹni tó ní green card lè ní.

Ewu tó sún mọ́ àwọn ọ̀dọ́ jù báyìí kéré lójú. Ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní switch wà, tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ, tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn ìbọn Glock kó lè máa rọ̀jò ọta. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wọlé nínú páálí ìfìwéránṣẹ́ láti Ṣáínà, pẹ̀lú orúkọ ohun ìṣeré tàbí irinṣẹ́ lára rẹ̀. Lójú òfin, òun fúnra rẹ̀ ni ìbọn arọ̀jò-ọta, ó ti òkè òkun wá, ó sì wọlé lẹ́yìn 1986. Ọmọ tó bá gbà á lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kò ní fọ́ọ̀mù kankan láti kún.