Kí ni iṣẹ́ bar check nínú LilyPond?

Nínú LilyPond, ètò kọ̀ǹpútà fún kíkọ àmì orin sórí ìwé tí Han-Wen Nienhuys àti Jan Nieuwenhuizen bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996, a kì í fi máòsì gbé àmì orin sórí ìlà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni a ń tẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì sọ wọ́n di ojú ewé orin. Àṣìṣe tí ó máa ń rú ènìyàn lójú jù níbẹ̀ ni pé kí orin máa lọ gbọnrangandan lórí ìlà kan ṣoṣo títí yóò fi yọ kúrò ní etí ọ̀tún ìwé. Ọ̀pọ̀ a sáré lọ yí ìwọ̀n ìwé padà, bẹ́ẹ̀ ni ìwé kò mọwọ́ kò mọsẹ̀.

Ibi tí bar (ìpín orin tí iye ìlù inú rẹ̀ ti jẹ́ pàtó) bá parí sí ni LilyPond ti ń gé ìlà, kì í sì í gé e bí àmì kan bá ṣì ń dún kọjá ààlà náà. Nítorí náà, bí iye inú bar kan bá dín díẹ̀, gbogbo àmì tí ó tẹ̀lé e yóò sún kúrò ní àyè wọn, ó sì lè má sí ibi tí a ó ti gé ìlà mọ́.

Bar check ni ó ń tú àṣírí yìí. Ọ̀pá ìdúró kékeré ( | ) ni, tí a ń tẹ̀ síbi tí a gbà pé bar parí sí. Òun kọ́ ni ó ń fa ìlà ààlà tí a ń rí lórí ìwé. Ó kàn ń béèrè bóyá iye pé ni. Ẹ wo orin yìí, tí bar rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlù (beat) mẹ́rin, tí nọ́ńbà sì ń sọ bí àmì ṣe gùn tó (4 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin):

c4 d e f | g8 a b c2 | d1 |

Ẹni tí ó kọ ọ́ fẹ́ b4, ṣùgbọ́n ó gbàgbé nọ́ńbà náà. Àmì tí kò ní nọ́ńbà a sì máa jogún ti èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà b di ìdá kan nínú mẹ́jọ. LilyPond yóò kìlọ̀ pé bar check kùnà ní 7/8, yóò sì dárúkọ ìlà inú fáìlì tí ó ti rí i: ìdá méje nínú mẹ́jọ péré ni ó ti kà kí ó tó kan ọ̀pá. Bí a bá ti kọ b4, ọ̀rọ̀ parí.

Bí ìkìlọ̀ bá pọ̀, ti àkọ́kọ́ ni kí a tún ṣe, kí a sì tún fáìlì náà mú ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ láti ọ̀pá kìíní gan-an ni ó ti ń kìlọ̀, tí orin náà sì ní àmì kan tí ó ṣáájú ìlù kìíní, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ \partial 4, àṣẹ tí ń sọ fún LilyPond pé bar àkọ́kọ́ kò pé, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni, ni a gbàgbé láti kọ síwájú rẹ̀.